Nehemáyà Orí Kẹrìnlá

Nígbà tí Ìdùnnúolúwa kọ́kọ́ fojú kan Adédọ̀tun, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́ tí Ìdùnnú ti ń ṣe tíṣà ní Ayétòrò. Ó ti ki ọwọ́ bọ inú ihò ẹ̀rọ náà dé èjìká. Kò mọ̀ pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn òun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ìdùnnú wí. "Ṣé omi máa yọ lónìí?"

Adédọ̀tun fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Ó fi apá nu ojú, ẹrẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì.

"Omi á yọ, ma. Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ kí yín."

Ìdùnnú bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé wọn ò kọ́ òun láti máa rẹ́rìn-ín báyẹn níwájú ọkùnrin. Adédọ̀tun wò ó láti ìborí dé gìgísẹ̀. Kì í ṣe ìwòkuwò, ńṣe ló dà bíi pé ó ń ka ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ma, ṣé ọmọ Agbo ni yín?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Kò sí yẹtí létí yín, síkẹ́ẹ̀tì yín sì ti ń bá wọn gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Ọmọ Agbo lèmi náà. Ẹ̀ka ti Ìmẹ̀kọ ni mo ti wá."

Ìjọ Agbo Ìyàsọ́tọ̀ ló ń sọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, kó máa dúpẹ́ pé òun ṣì lè súfèé nínú ilé ara òun. Wọn kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Wọn kì í lo yẹtí. Ọkùnrin wọn kì í wọ ṣòkòtò péńpé, kódà nínú oko ẹ̀gẹ́ lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Arákùnrin àti arábìnrin tí kò tíì di tọkọtaya kò gbọdọ̀ dá sọ̀rọ̀ láìsí ẹni kẹta nítòsí. Gbogbo rẹ̀ wà nínú Ìwé Ìlànà, ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan tó ṣe é fi sápò, ìlànà mọ́kànlélógójì, tí wọ́n kọ ibi tó ti wá nínú Bíbélì sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdùnnú ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí láti ọmọ ọdún méje. Òun náà ló wá ń fi kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá rẹ̀, Alàgbà Cornelius Akínladé, sì ni akọ̀wé ìjọ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́ tún bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún bàjẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní irú ẹ̀rọ wo rèé. Ìdùnnú ti kíyè sí i pé inú òun máa ń dùn bí omi bá ti dá.

Adédọ̀tun kò gba ẹ̀yìn wọlé. Ó lọ bá Olùṣọ́ Nathaniel, olórí ìjọ ní Ayétòrò. Olùṣọ́ gbàdúrà fún ogójì ọjọ́, ó pe Alàgbà Akínladé, Alàgbà pe ọmọ rẹ̀, Ìdùnnú sì wólẹ̀ ó ní òun gbà, ó rọra sọ ọ́ kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó ti ń kánjú. Wọ́n fún Adédọ̀tun láyè láti máa wá sí pálọ̀ Alàgbà ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Màmá Àgbà ni wọ́n fi ṣe ẹni kẹta.

Màmá Àgbà ni ìyá Alàgbà, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó wọ Agbo, wọ́n ní kó pààrọ̀ rẹ̀ sí Olúwakẹ́mi. Ó ní, "Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni mò ń jẹ́ nígbà tí Jésù gbà mí. Òun ò bá mi jà sí i." Wọ́n fi í sílẹ̀, torí ẹ̀rù ẹnu rẹ̀ ń bà wọ́n.

Bí Adédọ̀tun bá ti jókòó, tí kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá Àgbà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

"Arábìnrin Ìdùnnúolúwa," ni Adédọ̀tun á wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹni kẹta ti sùn."

"Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó ti dàgbà."

"Ṣé ẹ gbádùn ọ̀sẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀rọ omi ò bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yìí."

"Ẹ má bínú. Mo máa wá nǹkan ṣe sí i."

Ìlànà kejìlá kò gba "olólùfẹ́" tàbí "àyànfẹ́" láàárín àfẹ́sọ́nà. Arábìnrin nìkan ni Adédọ̀tun lè pè é. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń pe arábìnrin yẹn, tó máa ń fà á díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ oyin wò, ara Ìdùnnú a máa gbóná títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìdùnnú nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jẹun láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, Màmá Àgbà ṣubú ní balùwẹ̀. Alàgbà gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìlaròó. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ó pe Ìdùnnú lórí fóònù.

"Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá. Wọ́n fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tèmi ga jù. Tìrẹ ló máa bá a mu. Máa bọ̀ kíákíá, ohun yòówù tí o bá máa wọ̀."

Kò sí nǹkan kan láti wọ̀. Àwọn awakọ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ìdájí, wọ́n sì fi igi dí ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Ìdùnnú dúró létí títì, ó ń sunkún, ó ń na ọwọ́ sí gbogbo ohun tó ń kọjá. Ẹni tó dúró ni Adédọ̀tun, lórí ọ̀kadà tó fi ń kó irinṣẹ́ lọ sí Igbógìlà.

Wọ́n wo ara wọn. Àwọn méjèèjì mọ Ìlànà kẹtàdínlógún.

"Màmá Àgbà ló ń kú lọ," ni Ìdùnnú wí.

Adédọ̀tun tú àpótí irinṣẹ́ kúrò lẹ́yìn, ó jù ú sínú ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ gùn ún."

Wọ́n kọjú sí ọ̀nà Ìlaròó. Ìdùnnú di irin ẹ̀yìn ọ̀kadà mú, kò di Adédọ̀tun mú. Nígbà tí wọ́n dé, Alàgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ó sì rí ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkùnrin náà. Ó di Adédọ̀tun lọ́wọ́ mú. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Ìdùnnú. Màmá Àgbà yè é. Nígbà tí Ìdùnnú jáde, tó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, Adédọ̀tun ti ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ó gbé e dání.

"Ṣé o ti jẹun?" ló béèrè.

Kò sọ pé ṣé ẹ ti jẹun. Láti oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti mọra, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ "o" fún un. Ìdùnnú gba búrẹ́dì náà, ó sì ń jẹ ẹ́ tomijé-tomijé.

Nínú Agbo, ọjọ́ Ìsinmi tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n ń ṣe Ìjẹ́wọ́. Ẹni tó bá ní ohun tó wúwo lọ́kàn á dìde, á sọ ọ́, wọn á gbàdúrà fún un, ó parí. Àwọn tó sábà máa ń dìde ni àwọn tó na ọmọ jù, tàbí tó bá ará ilé jà. Ìdùnnú jókòó láàárín àwọn obìnrin lápá òsì, ó ń ro Màmá Àgbà tí wọ́n máa gbé délé ní ọ̀la.

Ó wá gbọ́ ohùn Adédọ̀tun lápá ọ̀tún.

"Ẹ̀yin ará, mo gbé Arábìnrin Ìdùnnúolúwa sẹ́yìn ọ̀kadà mi ní Ọjọ́bọ̀, láti ibí dé Ìlaròó. Mo mọ̀ pé nǹkan pàjáwìrì ni. Ṣùgbọ́n a fẹ́ gbéyàwó, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun fara pamọ́ láàárín àwa àti ìbùkún Ọlọ́run. Mo tọrọ àforíjì."

Ìdùnnú gbójú sókè. Gbogbo obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ ló yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo Adédọ̀tun. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè. Kò bi mí, ni Ìdùnnú ń sọ nínú ara rẹ̀. Kò tiẹ̀ bi mí.

Olùṣọ́ Nathaniel kò gbàdúrà. Ó ṣí Ìwé Ìlànà.

"Ìlànà kẹtàdínlógún. Arákùnrin kò gbọdọ̀ gbé arábìnrin tí kì í ṣe aya rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù. Nehemáyà orí kẹrìnlá, ẹsẹ kẹta."

"Nehemáyà orí kẹrìnlá, ẹsẹ kẹta," ni gbogbo ìjọ dá a lóhùn. Ẹnu Ìdùnnú náà bá wọn sọ ọ́ kó tó mọ̀.

"Ẹ̀ṣẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí," ni Olùṣọ́ wí. "Ìjọ fagi lé e. Àwọn méjèèjì á jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, a ó wá ọkọ mìíràn fún arábìnrin yìí. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìdùnnú wo bàbá rẹ̀. Bàbá tó di Adédọ̀tun lọ́wọ́ mú ní Ìlaròó. Alàgbà Akínladé ṣí ìwé ìjọ, ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdùnnú lọ tààrà sílé. Ó ti yàrá rẹ̀ pa, ó gbé Bíbélì, ó sì ṣí i sí Nehemáyà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ tó gba ọkọ lọ́wọ́ òun.

Orí kọkànlá. Orí kejìlá. Orí kẹtàlá. Lẹ́yìn náà, Ẹ́sítérì.

Ó padà sẹ́yìn. Ó rò pé ewé kan ti já kúrò nínú Bíbélì òun. Ó lọ mú ti Màmá Àgbà lórí àpótí, ìyẹn tí ikán ti jẹ létí. Orí kẹtàlá, Ẹ́sítérì. Ó mú èyí tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Orí kẹtàlá, Ẹ́sítérì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Bíbélì mẹ́ta níwájú rẹ̀.

Nehemáyà kò ní orí kẹrìnlá. Kò ní in rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ti gbé Màmá Àgbà délé tí wọ́n sì ti tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kó Bíbélì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síwájú bàbá rẹ̀ ní pálọ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi wá Nehemáyà orí kẹrìnlá."

Alàgbà kò ṣí ọ̀kankan. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún, ó ń nù ún ṣáá. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá ba Ìdùnnú gidi, torí ó ti retí pé ó máa ya bàbá òun lẹ́nu, kò sì yà á lẹ́nu.

"Ẹ mọ̀," ló wí.

"Èmi ni mo tẹ Ìwé Ìlànà," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Bàbá tó dá ìjọ sílẹ̀ ní ọmọbìnrin kan. Ọmọ yẹn gun ẹ̀yìn alùpùpù ọkùnrin kan, wọ́n gba Ìmẹ̀kọ kọjá sí Kútọnù, kò padà wálé mọ́. Bàbá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó ní ká fi ṣe ìlànà. Ó ní kí n wá ẹsẹ tó bá a mu. Mo wá a fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò rí i. Àwọn onítẹ̀wé sì ti ń retí mi ní Ìlaròó. Mo fi nọ́ńbà kan síbẹ̀, mo ní tí mo bá rí ẹsẹ gidi, màá pààrọ̀ rẹ̀."

"Ẹ ò wá rí i."

"Mi ò rí i. Ẹnikẹ́ni ò sì bi mí."

"Bàbá, mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ! Mo na Purity lẹ́gba lọ́dún tó kọjá torí pé ó gbàgbé ẹsẹ yẹn!" Ohùn Ìdùnnú ti ga dé òrùlé, kò sì bìkítà. "Lánàá ńkọ́? Ẹ mọ̀, ẹ sì mú bírò!"

Alàgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì náà. Ohùn Màmá Àgbà ló wá láti yàrá, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláìsàn.

"Cornelius. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn ló wà lára mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló gbé e wá, ẹ wá fà á jáde."

Alàgbà Akínladé, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sì sunkún. Ìdùnnú ò tíì rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá òun sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún kọkànlá rèé.

Ní Ọjọ́rú, Ìdùnnú wọ mọ́tò lọ bá Adédọ̀tun ní Igbógìlà, ní ibi tó ti ń tún ẹ̀rọ omi ọjà ṣe. Ojú ọ̀sán gangan, gbogbo ọjà ń wò wọ́n, kò sí ẹni kẹta kankan. Adédọ̀tun rí i, ó sún sẹ́yìn.

"Arábìnrin, ẹ má sún mọ́ mi. Wọ́n lè tún..."

"Ka ibí yìí."

Ó gba Bíbélì. Ó kà á. Ó ṣí ewé kan síwájú, ó tún ṣí i padà, gẹ́gẹ́ bí Ìdùnnú náà ti ṣe. Nígbà tí Ìdùnnú sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí, Adédọ̀tun jókòó sórí páìpù, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Kí wá ni mo jẹ́wọ́ nígbà yẹn? Ta ni mo ṣẹ̀?"

"Èmi." Ìdùnnú ti ń mú ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti Ayétòrò. "Èmi lo ṣẹ̀. O dìde láàárín èèyàn, o pe orúkọ mi, o ò bi mí. Ìwọ ń fọ ọkàn rẹ mọ́, èmi lo da omi ìdọ̀tí rẹ̀ lé lórí."

Omi yọ lójú Adédọ̀tun. Ó kúnlẹ̀, nínú ẹrẹ̀ ọjà, níwájú àwọn tó ń ta gààrí.

"Mo rò pé mò ń ṣe ohun tó tọ́. Mi ò ronú kàn ọ́. Forí jì mí, Ìdùnnú mi. Tó o bá ní o ò fẹ́ mi mọ́, ó tọ́ sí mi."

Ìdùnnú mi. Ó ti rò pé òun máa bínú jù báyìí lọ. Ó gbìyànjú láti bínú sí i, kò ṣeé ṣe.

"Màá fẹ́ ọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n tó o bá tún ní ohun tó kàn mí láti jẹ́wọ́, èmi ni wàá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún. Dìde, àwọn èèyàn ń wò wá."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, òun lápá obìnrin, Adédọ̀tun lápá ọkùnrin. Kì í ṣe ọjọ́ Ìjẹ́wọ́. Síbẹ̀, kí Olùṣọ́ tó gun àga ìwàásù, Alàgbà Akínladé dìde nídìí tábìlì akọ̀wé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọmọ tó lọ sí Kútọnù títí dé ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé. Ó ní, "Mo purọ́ mọ́ Bíbélì fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo sì fi irọ́ náà ba ayọ̀ ọmọ mi jẹ́."

Àwọn ará wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí Bíbélì. Ariwo ewé nìkan ló ń dún, síwájú, sẹ́yìn, síwájú. Obìnrin kan ké pé, "Jésù!"

Ìdùnnú ń wo Olùṣọ́ Nathaniel. Ó rò pé ó máa wólẹ̀. Ó rò pé Olùṣọ́ náà á sunkún.

Olùṣọ́ kò tiẹ̀ ṣí Bíbélì tirẹ̀. "Ẹsẹ wà o, ẹsẹ ò sí o, ìlànà ni ìlànà," ló wí. "Òun ló ń dáàbò bò wá. Alàgbà, ẹ gbé ìwé ìjọ sílẹ̀, kí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn."

Ẹnu ya Ìdùnnú ju ọjọ́ tó ka Bíbélì mẹ́ta lọ. Ó wo àwọn ará, bóyá ẹnì kan á sọ̀rọ̀. Wọ́n ń pa Bíbélì wọn dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Alàgbà rìn wá sẹ́yìn, ó jókòó. Kò tíì fìdí balẹ̀ dáadáa tí Adédọ̀tun fi dìde, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi ní Ìdùnnú."

"Mo fún ọ," ni Alàgbà wí. "Mo fún ọ látọkàn wá."

Ariwo sọ. Ìdùnnú dìde, ó sọdá sí apá ọkùnrin, àwọn méjèèjì sì jáde.

Láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Olùṣọ́. Ọmọ ìjọ yòówù tó bá fẹsẹ̀ kan ibi ìgbéyàwó náà, wọ́n ti yọ ọ́, wọn ò sì ní sin ín sí ilẹ̀ ìjọ. Alàgbà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Àyè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyàwó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ro koríko ibẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún mọ́kànlá.

"Bàbá, ẹ má wá," ni Ìdùnnú sọ fún un. "Ó yé mi. Ẹ jẹ́ kí ẹ lè sùn ti Màmá mi." Alàgbà kàn mi orí, kò lè wo ojú rẹ̀. Ìdùnnú lọ sí yàrá, ó sunkún tẹ́rùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejìlá ni wọ́n so wọ́n pọ̀, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ayétòrò. Ìdùnnú wọ aṣọ funfun, ó sì so yẹtí kékeré méjì, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n ṣáá. Adédọ̀tun ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Èèyàn wọn ò ju márùn-ún lọ. Màmá Àgbà jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Akọ̀wé ìgbéyàwó, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fadékẹ́mi, gbójú sókè. "Ta ló ń fa ìyàwó fún ọkọ?"

Màmá Àgbà ti ń wá ọ̀nà àtidìde.

"Èmi ni," ni ẹnì kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Alàgbà Akínladé ni, nínú agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún, eruku dé orókùn rẹ̀. Ìdùnnú sáré bá a.

"Bàbá! Màmá mi ńkọ́? Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ sùn tì í."

"Mo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ báyìí. Mo lọ sọ fún un." Ó fọwọ́ nu omijé kúrò lójú ọmọ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe fún un nígbà tó wà ní kékeré. "Òun ti kú, Ìdùnnú. Ìwọ lo wà láàyè."

Ó mú un lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ náà lé ti Adédọ̀tun. Wọ́n búra, wọ́n fọwọ́ síwèé, Màmá Àgbà súre títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó kan Alàgbà láti fọwọ́ sí i, Fadékẹ́mi, ẹni tó ti gbọ́ nípa rẹ̀ ní ìlú, wo aṣọ rẹ̀, ó wo Bíbélì tó há sábíyá, ó sì gbé bírò.

"Kí ni kí n kọ síwájú orúkọ yín, sà? Alàgbà ni àbí akọ̀wé ìjọ?"

"Èmi kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì mọ́," ni Cornelius Akínladé wí. "Kọ 'bàbá ìyàwó'."